Kí Fáíbà Orí Òpó Máa Ṣọ́ Afẹ́fẹ́

Bí iná bá lọ ní Adum, àárín òwò ìlú Kumasi ní Ghana, iṣẹ́ aránṣọ dúró, ọkàn ẹlẹ́ja tútù kò sì balẹ̀ mọ́. Orí wáyà ńlá tí GRIDCo, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé iná káàkiri Ghana, ń bójú tó ni iná ń gbà wọ ìlú, ìjì sì lè já wáyà.

Fáíbà, okùn gíláàsì tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, wà nínú wáyà òkè pátápátá lórí ọ̀pọ̀ òpó tó gbé wáyà ńlá wọ̀nyí. Ìbánisọ̀rọ̀ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fi í síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá rán ìmọ́lẹ̀ sínú rẹ̀, díẹ̀ a máa padà wá. Tí afẹ́fẹ́ bá ń mi wáyà, ìmọ́lẹ̀ tó padà á yàtọ̀. Àkókò tó fi padà ni yóò tọ́ka ibi tí wáyà ti mì. Afẹ́fẹ́ tún máa ń mú kí wáyà tó ń gbé iná tutù, kí ó lè gbé iná púpọ̀ sí i; ìdí mìíràn nìyẹn tó fi yẹ kí a máa ṣọ́ afẹ́fẹ́.

Èrò tiwa ni pé kí GRIDCo dán an wò lórí ọ̀nà iná kan tó wọ Kumasi. Fáíbà yìí kò ní ṣọ́ wáyà àdúgbò tí ECG, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún àwọn oníbàárà, ń bójú tó, kò sì ní dá ìjì dúró. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ yóò mọ òpó tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.