Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: àǹfààní tó wà nínú fífi òdì bẹ̀rẹ̀ chess

Bí ẹ bá gba Cele wọ Okota lọ́jọ́ Sátidé, tí oòrùn ti ń rọlẹ̀, ẹ ò ní í rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó bá àwọn ọkùnrin tó kóra jọ sídìí pátákó kan. Níbòmíì, dráfù ni. Níbòmíì, ayò ni. Bó bá sì ṣe kòńgẹ́, ẹ lè bá chess níbẹ̀, eré tí wọ́n ń pè ní tàwọn olówó tẹ́lẹ̀. Àmọ́ kò sí ìyàtọ̀ nínú ariwo ibẹ̀: ọ̀ta ń fọ́nnu, òpè ń ṣẹ́jú pàkòpàkò, òǹwòran tí kò lè ta ohunkóhun ló ń pariwo jù.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹni méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀kan jẹ́ ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Ó ra ìwé chess, ó tún gba ẹni tó ń kọ́ ọ. Ìkejì jẹ́ ọmọkùnrin tó ń gẹrun nítòsí Ago Palace Way, tí kò ní ìwé, tí kò ní tíṣà. Gbogbo Sátidé ni ẹ̀gbọ́n ń lu àbúrò bí ẹni lu bàrà. Kò tiẹ̀ ń ronú kó tó ta á mọ́, torí gbogbo ibi tí àbúrò bá gbà ni ìwé ti sọ fún un tẹ́lẹ̀.

Ó wá di Sátidé kan. Àbúrò mú funfun. Kò fọwọ́ kan pawn iwájú ọba tó máa ń ta. Pawn kejì láti ọwọ́ òsì ló gbá síwájú, ilé méjì gbáko.

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ṣé kò sí o? Ta ló kọ́ ẹ nírú èyí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ta tiyín."

Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́, ó fà á padà. Ó tún na ọwọ́, ó tún fà á padà. Ó ń wá ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú orí ẹ̀, kò rí i. Ẹ̀rín ti dáwọ́ dúró.

Kí ló fà á tí ìbẹ̀rẹ̀ lásán fi lè da ẹni tó mọwọ́ láàmú bẹ́ẹ̀? Ìṣirò ẹ̀ rèé. Ẹni tó mú funfun ló máa ń kọ́kọ́ ta, ọ̀nà 20 ló sì ní tó lè fi bẹ̀rẹ̀. Pawn mẹ́jọ ló wà níwájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè rin ilé kan tàbí méjì, ìyẹn jẹ́ 16. Ẹṣin méjì ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè fò sí ibi méjì, ìyẹn jẹ́ 4. Tí dúdú bá tún fi ọ̀kan nínú 20 tiẹ̀ dáhùn, oríṣi 400 ni ojú pátákó lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ta ẹ̀ẹ̀kejì. Síbẹ̀, méjì péré ló wọ́pọ̀ jù nínú 20 yẹn: pawn iwájú ọba àti pawn iwájú kúìnì.

Kì í ṣe pé àwọn tó ń ta méjèèjì gọ̀ o. Àárín pátákó ni wọ́n ń gbà, ẹni tó bá sì gba àárín ọjà, ó ti rí ibi tajà. Àmọ́ torí pé ọ̀nà náà dáa, gbogbo ayé ló wà lórí ẹ̀, bí Apapa-Oshodi Expressway. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ mọ gbogbo kòtò. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ láìmọ̀ tó wọn, ẹ̀yìn wọn ló máa wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó bá wá mọ kọ̀rọ̀ kan nínú Ìsọlọ̀ lè délé ṣáájú.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1980, nílùú Skara ní Sweden, níbi ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Anatoly Karpov ará Rọ́ṣíà jókòó síwájú Tony Miles ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Karpov ni ọ̀gá pátápátá lágbàáyé nígbà náà, láti 1975 ló ti wà lórí oyè. Ó ta pawn iwájú ọba. Miles tó mú dúdú wá na ọwọ́ sí pawn tó wà létí pátákó lọ́hùn-ún, ó sún un síwájú lẹ́sẹ̀ kan péré. Ẹ̀rín sọ nínú gbọ̀ngàn. Karpov tún mú àárín sí i, Miles tún gbá pawn tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, ilé méjì. Àfi bí ẹni tó ń fi ọba aládé ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa ta á dé ẹ̀ẹ̀kẹrìndínláàádọ́ta (46), ọ̀gá àgbáyé ló túúbá.

Ṣé ìbẹ̀rẹ̀ Miles yẹn dáa ju èyí tó wà nínú ìwé lọ ni? Rárá o, kò dáa jù ú. Ohun tó ṣe ni pé ó yọ Karpov kúrò nínú ilé tó ti mọ̀ bí ẹni mowó. Lójú ẹsẹ̀, kò sí ìwé mọ́, ọpọlọ méjì ló kù tó ń fìjà pẹ́ẹ́ta. Bí aago bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, gbogbo ìṣẹ́jú tí ọ̀gá fi ń họ orí, owó ló ń yọ sílẹ̀ lápò ara ẹ̀ yẹn.

Èyí tí àbúrò ta n'Okota náà ní ìtàn tiẹ̀. Lọ́dún 1924, Savielly Tartakower wà ní New York fún ìdíje ńlá kan. Ó lọ wo ẹranko ní ọgbà Bronx, ó rí ọ̀bọ ńlá kan tó ń jẹ́ Susan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní orangutan. Nígbà tó kan òun àti Géza Maróczy, pawn kejì láti ọwọ́ òsì yẹn ló gbá síwájú. Orangutan ni wọ́n ń pe ìbẹ̀rẹ̀ náà títí dòní.

Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, ọmọ Nàìjíríà náà ti fi irú ọgbọ́n yìí gba ife, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Scrabble ni. Ní November 2015, ní Perth, lórílẹ̀-èdè Australia, Wellington Jighere di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife Scrabble àgbáyé. Lewis Mackay ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló nà ní àṣekágbá, mẹ́rin sí òdo. Ọ̀rọ̀ gígùn lẹ́tà méje, lẹ́tà mẹ́jọ, ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń fọ́nnu, torí máàkì ẹ̀ pọ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà jókòó, wọ́n ṣírò ẹ̀, wọ́n rí i pé nígbà míì, ọ̀rọ̀ lẹ́tà márùn-ún ló ń ṣiṣẹ́ jù: èèyàn á fi lẹ́tà gidi pamọ́ sọ́wọ́, kò sì ní í ṣílẹ̀kùn fún alátakò. FELTY, lẹ́tà márùn-ún, wà lára ohun tí Jighere tò sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì fi gba máàkì 36.

Ta ló wá nílò irú ọgbọ́n yìí jù? Ẹni tí kò ní tíṣà, tí kò sì ráyè ni. Àwọn bẹ́ẹ̀ sì ti ń pọ̀ nídìí chess l'Ékòó. Ìdí ọ̀gá tó ń gẹrun ni Tunde Onakoya ti kọ́ eré yìí nígbà tó wà ní kékeré n'Ikorodu. Lọ́dún 2018 ló dá Chess in Slums Africa sílẹ̀, ó kó pátákó lọ sí Makoko, nígbà tó sì di 2022, ó kó o lọ bá àwọn ọmọ abẹ́ bíríjì Oshodi, tí wọ́n jọ wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú Okota. Òun náà ló ta chess fún wákàtí 60 ní Times Square, New York, ní April 2024, tó tún padà lọ ta á fún wákàtí 64 pẹ̀lú Shawn Martinez ní April 2025.

Ẹni tó ń jí láàárọ̀ kùtù, tí go-slow kò jẹ́ kó délé títí ilẹ̀ fi ṣú, ìgbà wo ló fẹ́ há gbogbo ẹ̀ka tó wà nínú ìwé àwọn ọ̀gá sórí? Ìbẹ̀rẹ̀ kan tí kò wọ́pọ̀, ẹ̀ka ẹ̀ kéré, ó lè fi alẹ́ mélòó kan mọ̀ ọ́n dunjú. Àwọn ọ̀gá gan-an ń ṣe é. Láyé kọ̀ǹpútà yìí, Magnus Carlsen ará Norway máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yà kúrò lójú títì, kí ohun tí alátakò fi kọ̀ǹpútà sè sílẹ̀ nílé lè di ọbẹ̀ òfo.

Àmọ́ ṣá o, ẹ má ṣe gbọ́ èyí kẹ́ ẹ wá máa ta ìsọkúsọ. Ohun tí kò wọ́pọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí kò mọ́gbọ́n dání. Ẹni tó mú funfun, tó bá sún pawn iwájú bíṣọ́ọ̀bù ọba ní ilé kan, tó tún gbá pawn iwájú ẹṣin ọba ní ilé méjì, tí dúdú sì ti ṣínà fún kúìnì ẹ̀, títa ẹ̀ẹ̀kejì ni dúdú máa fi pa ọba ẹ̀. Eré ti parí nìyẹn, omi kò tíì hó lórí iná. Ẹni tó bá fẹ́ gba kọ̀rọ̀ Ìsọlọ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ àdúgbò tí wọ́n ti ń ti géètì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ló máa fi rìn jáde. Ìyàlẹ́nu náà kì í sì í pẹ́ ṣá. Tẹ́ ẹ bá fi nǹkan kan lu ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì, ó ti lọ kọ́ ọ nìyẹn.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí àbúrò? Ẹ̀gbọ́n ló ṣì nà án lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n eré tó máa ń parí ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gba wákàtí kan àti ààbọ̀, ẹ̀gbọ́n sì nu òógùn lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí Sátidé mìíràn dé, tí àbúrò tún na ọwọ́ sí pawn kejì yẹn, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.