Ọmọ Tí Ó Ń Wọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama

Oṣù kẹsàn-án ni àwọn ọmọ ń wọ girama. Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn tuntun sọ̀rọ̀.

Ìwọ ọmọ, tíṣà kan ṣoṣo ni ó sábà ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ó mọ ìyá rẹ, ó sì mọ ọjọ́ tí o kò jẹun wá. Ní JSS 1, bí agogo bá ti dún, tíṣà Ìṣirò a jáde, ti Gẹ̀ẹ́sì a wọlé. Ẹni tí ó ń kọ́ kíláàsì mẹ́rin kò lè tètè mọ̀ pé iṣẹ́ kò yé ọ. Nawọ́, béèrè! Bí ojú bá ń tì ọ́, tọ̀ ọ́ lọ nígbà ìsinmi. Inú àwa tíṣà a máa dùn sí i, àfi àwọn oníkanra díẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ mọ bí gbèsè ti ń ga: oníbàárà kò san ti Ajé, ó tún gba ti Ìṣẹ́gun. Bẹ́ẹ̀ ni Ìṣirò rí. Ọmọ tí ìdá kò yé lóṣù yìí, ti oṣù tí ń bọ̀ yóò rú u lójú. Ọdún 3 péré ni ó sì kù sí ìdánwò BECE. Ẹ má dúró de ìwé èsì. Bí ẹ kò tilẹ̀ kàwé, ẹ ní kí ó ṣí ìwé rẹ̀ lálẹ́. Níbi tí yíǹkì pupa bá pọ̀ sí, ẹ bi í pé, “Tíṣà wo ni o bi léèrè?” Bí ó bá dákẹ́, ẹ yà sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kejì kí ẹ tó ṣí ìsọ̀.