Ìwé Wo Ni A Ó Rà fún Ọ̀rẹ́ Wa?

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti ààwẹ̀ tàbí ti sàká. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ni. Arábìnrin kan ní èsìtéètì wa, Rájí Ràsákì, ní Amúwó-Ọ̀dọ̀fin, bi mí ní ìbéèrè kan lẹ́yìn ìrun Alásàrí, mo sì rí i pé ìbéèrè náà tó ohun tí a lè gbé wá sí ojú ewé yìí kí gbogbo wa jọ gbé e yẹ̀ wò.

Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan yóò pé ọgọ́ta ọdún láìpẹ́. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí ilé-kéwú ni, wọ́n jọ ta ọjà, wọ́n sì ti ń bá ọ̀rẹ́ bọ̀ láti ogójì ọdún ó lé. Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ti ṣe é ní ìlọ́po méjì. Ọ̀rẹ́ yìí fẹ́ràn ìwé púpọ̀, pàápàá ìwé ìtàn. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ sì ti jáde láyé, oorun kì í tètè kùn ún mọ́. Ìwé ni ó fi ń lé òru lọ. Arábìnrin wa wá ní: “Àáfà, mo fẹ́ ra ìwé wáàsí kan fún un, èyí tí ó sọ̀rọ̀ lórí ìyà inú sàréè, kí ó lè fi ìwé ìtàn wọ̀nyẹn sílẹ̀. Ǹjẹ́ mo ṣe dáadáa?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀kan yìí. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn níkọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni ti ọjọ́ ìbí fúnra rẹ̀. Àwọn onímímọ̀ kò pa ohùn pọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan ní kì í ṣe súnà, kí Mùsùlùmí jìnnà sí i. Àwọn mìíràn ní bí kò bá ti sí ọtí àti ìnákúnàá níbẹ̀, tí a kò sì sọ ọ́ di ìjọsìn, kò burú kí ènìyàn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. N kò ní dá ìjà náà sílẹ̀ níhìn-ín. Ohun tí kò sí ìjà lórí rẹ̀ ni pé ẹ̀bùn dára. Ànọ́bì wa Muhammadu, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, a máa gba ẹ̀bùn, a sì máa san oore rẹ̀ padà. Ó kọ́ wa pé kí á máa fún ara wa ní ẹ̀bùn kí ìfẹ́ lè pọ̀ láàrin wa, ó sì kìlọ̀ pé kí aládùúgbò má fi ojú kékeré wo ẹ̀bùn aládùúgbò rẹ̀, ìbáà ṣe ẹsẹ̀ àgùntàn lásán. Bí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí bá ń kọ ọ́ lóminú, fún ọ̀rẹ́ rẹ ní ẹ̀bùn náà ní ọ̀sẹ̀ mìíràn. Kò sí ọjọ́ tí a kì í fi inú dídùn gba ẹ̀bùn.

Èkejì ni pé, ṣé ìwé ìtàn burú ni? Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ fún Ànọ́bì nínú ihò òkè Hira, àṣẹ kíkà ni. Nínú Kùránì pàápàá, odidi súúrà kan, èyí tí ó ṣe ìkejìlá, ìtàn Ànọ́bì Yúsúfù ni: ìtàn ìlara àwọn ẹ̀gbọ́n, ìtàn ẹ̀wọ̀n, ìtàn baba tí ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi fọ́, tí Ọlọ́run sì dá ọmọ rẹ̀ padà fún un. Bí ìtàn kò bá wúlò fún ọkàn tí ó ní ìbànújẹ́, Ọlọ́run kì bá ti fi ìtàn tu Ànọ́bì rẹ̀ nínú. Lóòótọ́, ìwé mìíràn wà tí ó ń kọ́ ni ní ìwà ìbàjẹ́, ẹ má mú irú rẹ̀ wọ ilé. Ṣùgbọ́n kí á má fi ìyẹn ka gbogbo ìwé ìtàn kún ìbàjẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣòro jù. Ẹ̀bùn tí a bá di ìbáwí sínú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn mọ́, ẹjọ́ ni. Ẹ rò ó wò: obìnrin tí kò tíì pẹ́ tí ó sin ọkọ rẹ̀ ṣí ẹ̀bùn ọ̀rẹ́ ogójì ọdún ní òru, òun nìkan nínú yàrá, ó sì bá ìyà inú sàréè níbẹ̀. Ta ni yóò rò pé wọ́n ń bá wí? Ta ni yóò rò pé ó wà nínú sàréè náà? Ó lè má sọ nǹkan kan. Ó lè rẹ́rìn-ín kí ó sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, yóò máa gbé ìwé tí ó ń kà pamọ́ bí ó bá gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọ̀rẹ́ ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn láìsí ariwo. Bí ẹ bá ní wáàsí fún ẹnìkan, ẹ lọ jókòó tì í, kí ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Ẹ má fi bébà aláràbarà wé e.

Ó wá ku bí a ó ṣe yan ìwé. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kì í ṣe ìwé tí ó dùn mọ́ ọ ni kí o rà, bí kò ṣe èyí tí yóò dùn mọ́ ọn. Kọ́kọ́ fi ọgbọ́n mọ èyí tí ó ti ní. Bi ọmọ rẹ̀ léèrè, tàbí kí o wo orí tábìlì rẹ̀ nígbà tí o bá lọ kí i.

Bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá ni ó ń kà, kò sí ìwé tí ó wọ́n wa lójú. Ìwé àkọ́kọ́ D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde ní 1938. Èyí tí ó kọ ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, Àdììtú Olódùmarè, jáde ní 1961. Olùkọ́ onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, iwin àti ẹbọra sì kún inú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn lórí sùúrù, ìṣẹ́ àti ọ̀rẹ́ tí ó wà níbẹ̀ kò yọ Mùsùlùmí sílẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn ọ̀daràn àti ọlọ́pàá, ẹ wá Àjà Ló L'ẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fún un. Ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn ìjà fún òmìnira, ẹ wá Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí. Ọdún 1969 ni àwọn méjèèjì jáde.

Bí ó bá gbọ́ Lárúbáwá, ẹ rántí Ṣéù Adam Abdullahi al-Ilori, ẹni tí ó dá Màríkàsì sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tí ó sì gbé e wá sí Agége ní 1955. Kí ó tó jáde láyé ní 1992, ó kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé, títí kan èyí tí ó kọ lórí ìtàn ìsìláàmù ní Nàìjíríà. Bí ó bá sì jẹ́ Kùránì tí a túmọ̀ sí Yorùbá ni ẹ fẹ́ rà, ẹ wo ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ìtumọ̀ tí ó jáde ní 1906, M. S. Cole, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì, ni ó ṣe é. Lẹ́yìn náà ni àwọn Mùsùlùmí ṣe tiwọn.

Ẹ má gbàgbé ojú. Ẹni tí ó ti kọjá ogójì ọdún kì í rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ dáadáa mọ́. Ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ bá tóbi sàn ju èyí tí ó lẹ́wà lọ. Ó sì lè jẹ́ pé awò ojú gan-an ni ẹ̀bùn tí ó yẹ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣa á rà ní ẹ̀bá títì. Ẹ mú un lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Fìtílà tí ó ń gba iná sára náà kò burú fún ẹni tí ó ń kàwé lóru, nítorí gbogbo wa ni a mọ bí iná ṣe ń ṣe wá ní Èkó.

Bí owó kò bá tó, ìwé àlòkù kì í ṣe ẹ̀gàn. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tà á ní Yábàá, kí ẹ ṣí i wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ojú ewé kan má baà ti ya kúrò. Ẹ má jẹ gbèsè nítorí ẹ̀bùn. Ẹ kọ orúkọ ọ̀rẹ́ yín, ọjọ́ àti àdúà kúkúrú kan sí ojú ewé àkọ́kọ́. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ṣí i lẹ́yìn ogún ọdún, wọn yóò mọ ẹni tí ó fẹ́ràn ìyá wọn. Lẹ́yìn èyí, ẹ má máa bi í lóṣooṣù pé, “Ṣé o ti kà á tán?” Kùránì kọ̀ fún wa pé kí á máa fi ìrègún ba oore jẹ́.

Ẹ̀bùn tí ó tóbi jù fún ẹni tí ó ń kàwé nítorí àìrí oorun sùn kò sí ní ilé ìtàwé kankan. Gbé ìwé náà lọ, jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ jọ kà á ní ohùn òkè, ojú ewé kan fún un, ojú ewé kan fún ọ. Bí ìrun bá tó, kí ẹ jọ dìde kírun. Ẹni tí a kò fi sílẹ̀ nínú òru rẹ̀, òun ni yóò gbọ́ wáàsí wa bí ilẹ̀ bá mọ́.

Kí Ọlọ́run Allahu fún wa ní ọ̀rẹ́ tí yóò bá wa kalẹ́, kí Ó fi ìtura sí ilé gbogbo opó, kí Ó sì ṣí wa lójú sí ìmọ̀ tí ó ní àlùbáríkà. Àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.