Ọjà Ọ̀yìngbò ò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá, ìjọba ńkọ́?

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọjà Ọ̀yìngbò kì í mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Òótọ́ ni. Bí ẹnì kan bá jókòó sílé ní Èbúté-Mẹ́ta láàárọ̀ òní, àwọn aláta á pàtẹ, agbérò á pariwo, rélùwéè á sì já èrò sílẹ̀ láti Agbado. Ọjà ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìjọba tí ò bá mọ iye ọmọ ẹ̀ tó wà lókè òkun ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà mọ́, wàhálà ni.

Ẹ rántí September 2019, nígbà tí wọ́n kọjú ìjà sáwọn àjèjì ní South Africa. Ìyá tọ́mọ ẹ̀ wà níbẹ̀ ò rí oorun sùn. Iná ti ń jó kí wọ́n tó máa kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ wálé. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 600, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni bààlù Air Peace gbé èèyàn wá s'Ékòó lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀, láti 2017 lòfin ti dá NiDCOM sílẹ̀, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lẹ́yìn odi.

Kí ló dé táwọn èèyàn kì í fẹ́ forúkọ sílẹ̀? Ẹni tí ìwé ìgbélùú ẹ̀ ti kú ò ní gbé orúkọ àti àdírẹ́sì lé ẹni tí ò mọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó níwèé gan-an ń bẹ̀rù pé bí orúkọ òun bá jò, àwọn gbájúẹ̀ á máa pe ìyá òun nílé. Wọn ò jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n ta ló ní dandan ni kéèyàn mọ orúkọ kó tó mọ iye? Ẹ wo ìyá aláta l'Ọ́yìngbò. Kò mọ orúkọ ìdajì àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀. Síbẹ̀, ó mọ iye apẹ̀rẹ̀ tòmátò tó ń tà ní Sátidé, ó sì mọ̀ pé bọ́dún bá dé, iye náà á lọ sókè. Iye yẹn ló fi ń ra ọjà. Orúkọ kọ́.

Ohun táwọn òyìnbó ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní England àti Wales ní 2011, àwọn tí wọ́n bí sí Nàìjíríà lé ní 191,000. Ní 2021, wọ́n ti lé ní 270,000. Ẹnikẹ́ni ló lè rí iye náà, àmọ́ wọ́n ti orúkọ mọ́nú àpótí fún 100 ọdún. Ti 1921, January 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Nílé ńkọ́? Láti 2006 ni wọ́n ti ka ọmọ Nàìjíríà gbẹ̀yìn.

Bí Àbújá bá fi irú iye bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n á mọ ìlú tó yẹ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ páṣípọ́ọ̀tù lọ, dípò kí gbogbo èèyàn máa tò sójú kan. Wọ́n á mọ iye bààlù tí wọ́n máa nílò bógun bá bẹ́, bó ṣe bẹ́ ní Sudan ní April 2023.

Ẹ gbọ́ ná o, kí wọ́n má tan aráàlú pé tí wọ́n bá ti yọ orúkọ, ó parí. Bó bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà kan ṣoṣo ni dókítà nílùú kékeré kan, ẹ yọ orúkọ ẹ̀ nígbà ogún, gbogbo ìlú á ṣì mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn táwọn òyìnbó fi ń yí àwọn iye kéékèèké padà díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e síta. Òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti June 2023. Kó má sùn sórí ìwé o.

Ìyá tọ́mọ ẹ̀ wà lókè òkun ò bẹ Àbújá pé kí wọ́n mọ orúkọ ọmọ òun. Ohun tó ń fẹ́ ni pé lọ́jọ́ tílé bá ń jó, kí wọ́n ti mọ iye àga tó yẹ kó wà nínú bààlù, kí tọmọ ẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ọjà Ọ̀yìngbò lè má mọ ẹni tí ò wá. Ìjọba ò gbọdọ̀ ṣe bí ọjà.