Thoreau Kò Sá fún Ayé

Àwọn òǹkàwé kan a máa pe Henry David Thoreau ní alágàbàgebè: wọ́n ní ó ń dá gbé inú igbó, síbẹ̀ ó ń lọ jẹun nílé ìyá rẹ̀. Ẹ̀sùn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ta ló sọ fún wọn pé ó sá fún ènìyàn? Ní oṣù Keje ọdún 1845 ló kó lọ sí etí adágún Walden, nítòsí ìlú Concord ní Amẹ́ríkà. Dọ́là 28 àti sẹ́ńtì díẹ̀ ló ná sórí ahéré tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, àga mẹ́ta ló sì wà níbẹ̀. Kí ni ẹni tó kórìíra àlejò ń fi àga mẹ́ta ṣe?

Ẹrù ló sá fún. Ó ti rí àwọn àgbẹ̀ Concord tí wọ́n ń fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn san gbèsè ilẹ̀ àti ilé. Ní ọdún 1846, nígbà tó ṣì ń gbé ahéré náà, ó sun ẹ̀wọ̀n lálẹ́ ọjọ́ kan nítorí pé ó kọ̀ láti san owó-orí fún ìjọba tó fàyè gba ìfiniṣẹrú. Olùkọ́ tó bá yọ alẹ́ yẹn kúrò nínú ẹ̀kọ́ ìwé Walden, igi àti ẹyẹ nìkan ló fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ọdún méjì àti oṣù méjì lé díẹ̀ ni Thoreau lò níbẹ̀. Ó padà sí ìlú lọ́dún 1847; kò sẹ́ni tó lé e.