Ká Tó Sanwó Alùpùpù

Oníṣòwò tó fẹ́ ra ẹ̀wà lọ́jà Kétu máa ń bu díẹ̀ sọ́wọ́, á fẹ́ ẹ, á wò ó bóyá kòkòrò ti wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ alùpùpù, dídán ara rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń wò kí wọ́n tó kó owó àjọ sílẹ̀. Èyí kò dára.

Ẹ jẹ́ ká fi Vespa GTS 300 ṣe àpẹẹrẹ. Piaggio ti ilẹ̀ Ítálì ló ṣe é. Rinaldo Piaggio dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1884. Ohun èlò inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, kí wọ́n tó bọ́ sórí ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bọ́ǹbù ba ilé-iṣẹ́ wọn ní Pontedera jẹ́. Lẹ́yìn ogun, ọ̀nà ti bàjẹ́, owó kò sì sí lọ́wọ́ aráàlú. Enrico, ọmọ Rinaldo, wá ní kí Corradino D'Ascanio, tó ti ṣe hẹlikọ́pítà rí, wá ohun ìrìnnà tí kò ní wọ́n jù.

D'Ascanio kò fẹ́ràn alùpùpù. Ṣéènì rẹ̀ ń da ọ̀rá sáṣọ, táyà rẹ̀ sì ṣòro láti pààrọ̀. Ló bá gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn láìlo ṣéènì, ó fi irin pẹlẹbẹ bo ẹsẹ̀ awakọ̀, ó sì fi apá kan ṣoṣo gbé táyà iwájú dúró, bíi ti ọkọ̀ òfuurufú. Ní 1946 ni Vespa jáde, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 98 cc. Agbọ́n ni ìtumọ̀ orúkọ náà.

Ẹ́ńjìnnì GTS 300 jẹ́ 278 cc, omi ló sì ń mú un tutù. Awakọ̀ kì í yí jíà. Bẹ́líìtì ló ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn. Kọ̀ǹpútà kékeré ló ń wọn epo fún un. Bíréèkì rẹ̀ ní ABS, tí kì í jẹ́ kí táyà dì pa lójijì. Irin ni ara rẹ̀, kì í ṣe ike.

Gbogbo èyí dára lójú ọ̀nà ọlọ́dà láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu. Ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ kéré, íǹṣì 12 péré. Bí òjò bá sọ ọ̀nà oko di ẹrẹ̀, tàbí bí ihò bá pọ̀ lójú ọ̀nà, ìyà ni yóò jẹ ẹni tó di àpò àgbàdo sẹ́yìn rẹ̀. Bí omi tàbí ìdọ̀tí bá wà nínú epo kpayo inú ìgò, ó lè dí ibi tí epo ń gbà. Bẹ́líìtì náà ń jẹ, ẹ sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó já.

Bajaj ti Íńdíà, tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sáwọn ọlọ́kadà, gba àṣẹ lọ́wọ́ Piaggio láti ṣe Vespa ní àwọn ọdún 1960. Ṣùgbọ́n Boxer tó ń tà nílẹ̀ Áfíríkà lónìí, táyà ńlá ló ní, ṣéènì ló ń lò, afẹ́fẹ́ ló sì ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù. Òun náà mọ̀ pé ọ̀nà yàtọ̀ sí ọ̀nà.

Nítorí náà, ẹ lọ bá mẹkáníìkì yín kí ẹ tó lọ bá ẹni tó ń tà á. Ẹ bi í bóyá ó lè tú u, ibi tí ẹ ó ti rí bẹ́líìtì rà, àti iye tí wọ́n ń tà á. Bí kò bá rí èsì fún yín, ẹ fi owó àjọ sínú àpò ná.