"Too" àti "Jù": Bírò Pupa Nìkan Kò Tó

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀sùn kan wà tí wọ́n máa ń fi kan àwa ọmọ Yorùbá: wọ́n ní a ò mọ "too" lò nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá fẹ́ yin oúnjẹ, a ó ní "This food is too sweet." Olùkọ́ á fi bírò pupa fa ìlà sí i, á kọ "very" sórí rẹ̀, ó parí. Lójú tèmi, ìyẹn nìkan kò tó.

"Jù" ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ lọ sí Ọjà'ba, kí ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Oníbàárà tó ní "Ó wọ́n jù" ń sọ pé owó náà kọjá agbára òun. Ẹni tó gbé aṣọ sókè, tó ní "Ó mà rẹwà jù o!", kò rí àléébù kankan lára aṣọ; ó ń yìn ín ni. Bí a bá sì ní Òkè Mápó ga ju Ọjà'ba lọ, àfiwé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan, iṣẹ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni "jù", kí nǹkan kọjá òmíràn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì pín iṣẹ́ náà ní tirẹ̀: "more than" fún àfiwé, "very" fún ìtẹnumọ́, "too" fún àṣejù.

Nítorí náà, ẹni tó ní "too sweet" kì í ṣe òpè. "Jù" ló ń fi sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n n ò ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ "He is too honest" sínú létà fún ẹni tó ń wáṣẹ́, tí létà náà sì dé Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó kà á lè rò pé òtítọ́ onítọ̀hún ń dá wàhálà sílẹ̀. Ìyìn ti di ẹ̀sùn nìyẹn, iṣẹ́ sì lè bọ́.

Ẹ dán èyí wò: ẹ fi "débi tí kò fi ṣeé" kún "jù". Tíì yìí gbóná jù, débi tí kò fi ṣeé mu. Ó bọ́ sí i, "too" ló yẹ. Aṣọ yìí rẹwà jù, débi tí kò fi ṣeé wọ̀? Rárá o! "Very" ni.

Bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnká láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: kí wọ́n gbé èdè méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n má fi Yorùbá ṣe àrùn tí Gẹ̀ẹ́sì ń wò sàn. Àwa tí a ní "Àṣejù, baba àṣetẹ́" ti mọ ibi tí nǹkan ti ń kọjá ààlà tipẹ́. Ohun tó kù ni kí a mọ ibi tí Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà tirẹ̀ sí.